Ìròyìn Ta Ni Ìkànnì Ìlú Wa Ń Gbé? Àgbéyẹ̀wò Lílo RSS ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ìkànnì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, yálà ní Òkìtìpupa ni o, ní Igbótako, ní Òde-Ayé tàbí ní Òde-Ìrèlè, ohun tí ẹ ó sábà bá níbẹ̀ jọra. Fọ́tò ọba wà lókè, ìtàn ìlú wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wà lápá kan, ìròyìn tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ sì ti di ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Owó ni wọ́n fi ra orúkọ ìkànnì náà, owó ni wọ́n sì ń san lọ́dọọdún kí ó má baà kú, síbẹ̀ àlejò kò yà síbẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí èyí nípàdé, ọ̀dọ́ kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò yóò dìde, yóò ní ohun tó rọrùn ni: ẹ jẹ́ ká gbé sọ́fítíwíà tó ń fa RSS sórí ìkànnì wa, ìròyìn yóò máa wọlé fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru, a ò ní tún wá ẹni tí yóò máa kọ nǹkan kiri mọ́.

Mo ti gbé ìmọ̀ràn yìí yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, nítorí ọ̀rọ̀ ìkànnì ìlú jẹ mí lógún. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Àmọ́ kò sí ohun tó lè fà wá sílé ju ohun tí ẹnìkan ti jókòó kọ níbì kan lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti Èkó. Àwọn tó ń kọ ìròyìn nípa wa jìnnà sí wa, àwa tí a sì wà nítòsí ìṣẹ̀lẹ̀ kì í kọ ọ́ síbi tí ẹ̀rọ kankan ti lè rí i. Bí a kò bá yanjú ìyẹn, ìròyìn òde ni RSS yóò máa dà sórí ìkànnì wa lójoojúmọ́, ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà ní London tàbí Houston yóò sì ṣí i láì rí ohun kan nípa ilé.

RSS fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Oṣù kẹta ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e jáde, kí èèyàn lè rí àkọlé ìròyìn láti oríṣiríṣi ìkànnì lójú kan ṣoṣo. Dan Libby àti Ramanathan Guha ló ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Netscape pa á tì láìpẹ́, Dave Winer gbé e ròkè, àwọn mìíràn tún ṣe tiwọn lọ́tọ̀ lọ́dún 2000, tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Aaron Swartz sì wà lára wọn. Ọdún 2002 ni ẹ̀dà 2.0 jáde, òun náà ni ayé ṣì ń lò jù lónìí. Wọ́n jà púpọ̀ lórí ẹ̀dà tó yẹ kó borí, ṣùgbọ́n ìjà yẹn kò kan àwa tí a kàn fẹ́ lo ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Fáìlì kan báyìí ni. Ìkànnì tó ń gbé ìròyìn jáde ló ń ṣe é, ó sì ń to ìròyìn rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àkọlé, líǹkì, ṣókí ọ̀rọ̀, ọjọ́ àti wákàtí, pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ kan tí kò jọ ti ìròyìn mìíràn. Ìkànnì tí wọ́n bá fi WordPress kọ́ ti ní tirẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ tẹ orúkọ ìkànnì náà, ẹ fi /feed/ sí i lẹ́yìn, yóò yọ. Sọ́fítíwíà ìkójọ yóò máa lọ yẹ fáìlì yìí wò láti ìgbà dé ìgbà, yóò wo àmì ìdánimọ̀ wọn, èyí tí kò rí rí ni yóò mú wálé. Bí kò bá sí ohun tuntun, ẹ̀rọ tọ̀hún á kàn dá a lóhùn pé nǹkan kò yí padà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, dátà tí ìyẹn ń jẹ kò tó nǹkan. Ọ̀nà yìí kan náà ni pọ́díkáàsì fi ń dé orí fóònù àwọn tó ń gbọ́ ọ títí di òní.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún wa tí mi ò gbọ́dọ̀ fojú fò. Gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ìjọba, ẹni tó bá ń gbé Òkìtìpupa sì mọ iye tí bẹntiróòlù ń gbà lọ́wọ́ ẹni kí kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀ kò sí ní Òkìtìpupa. Ó lè wà ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná kì í ti í ṣe wàhálà. Nítorí náà, sọ́fítíwíà ìkójọ yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lóru tí gbogbo ìlú wà nínú òkùnkùn, kò ní béèrè jẹnẹrétọ̀, kò ní béèrè dátà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Akọ̀wé tó fẹ́ jókòó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nípàdé ìlú ló nílò iná. Mo gbà pé èyí wà lára ìdí tí ìmọ̀ràn RSS fi ń dùn létí àwọn ìgbìmọ̀ wa, mi ò sì bá wọn wí. Fífa ìròyìn ẹlòmíràn kò gba epo, kíkọ tiwa ló ń gbà á.

Ohun tí àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí kì í sábà sọ ni pé WordPress kò ní aago tirẹ̀. Bí ẹ bá ní kó máa lọ wá ìròyìn ní wákàtí-wákàtí, ìgbà tí àlejò kan bá ṣí ìkànnì ló máa ń wò ó bóyá àkókò ti tó. Ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò yà sí fún ọjọ́ mẹ́ta kò ní fa ohunkóhun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ fẹ́ ìròyìn kí àlejò lè máa wá, ìròyìn kò sì wọlé nítorí pé àlejò kò wá. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ lọ sínú cPanel, ẹ fi cron gidi síbẹ̀, kí aago kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìkànnì yín máa jí i. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, fáìlì RSS WordPress kì í gbé ju ìròyìn mẹ́wàá tó kẹ́yìn lọ, àyàfi bí oníkànnì bá yí i padà. Irinṣẹ́ tí WordPress fúnra rẹ̀ fi ń ka RSS sì máa ń di ohun tó kà mú fún wákàtí méjìlá kó tó padà lọ wò. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tó lágbára lè gbé mẹ́wàá jáde kí àgbẹ̀ tó ti oko dé. Bí ìròyìn kan nípa Ìrèlè bá jáde láago mẹ́jọ àárọ̀, ó lè ti jábọ́ nínú fáìlì náà kí ẹ̀rọ yín tó padà lọ ní alẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ láé pé ó jáde.

Ìsẹ́ ìròyìn tún wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn fún ẹ̀rọ pé kí ó fi máa yan èyí tó kàn wá. Ìròyìn tó bá dárúkọ Òkìtìpupa tàbí Igbótako kò ní ṣini lọ́nà, nítorí kò sí Òkìtìpupa mìíràn. Òde-Ayé ńkọ́? Àwọn ìwé ìròyìn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ máa wá “Aye”, gbogbo ìròyìn Yorùbá tó sọ̀rọ̀ nípa ayé ni yóò kó wá fún yín. Ìlú wa tó ń jẹ́ Omi burú ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá sì kọ Ìkálẹ̀ pẹ̀lú àmì gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ kò ní rí èyí tí oníròyìn kọ láìsí àmì. Ẹni tó mọ ilẹ̀ yìí ló lè to àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí ó pa orúkọ ìlú pọ̀ mọ́ ti ìpínlẹ̀, mọ́ oyè ọba rẹ̀: Jégun ti Ìdẹ̀pẹ́-Òkìtìpupa, Abodì ti Ìkòyà, Rebùjà ti Òṣóòrò, Olófun ti Ìrèlè. Nígbà tí oyè ọba bá wà nínú ìsẹ́, àṣìmú máa ń dín kù.

Nígbà kan, ìdí mìíràn ni wọ́n fi ń ta sọ́fítíwíà ìkójọ yìí. Wọ́n ní Google fẹ́ràn ojúùwé tó ń yí padà, pé bí ìròyìn bá ń wọlé lójoojúmọ́, orúkọ ìkànnì yóò máa ga sí i nígbà tí èèyàn bá wá nǹkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì tí kò kọ ìlà kan rí lo ọgbọ́n yìí, wọ́n ń da ìròyìn onírìn-àjò, ti eré bọ́ọ̀lù àti ti ìṣègùn pọ̀, wọ́n sì ń gba owó ìpolówó lórí rẹ̀. Ó dópin ní oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tí Google gbé àtúnṣe tí wọ́n pè ní Panda jáde, tí àwọn ìkànnì aláwòkọ sì já wálẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni Google tún le òfin náà sí i, wọ́n ní kíkó ọ̀rọ̀ jọ lọ́pọ̀ láìfi ohunkóhun kún un jẹ́ ìwà àìtọ́, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é tàbí ènìyàn. Ẹni tó bá ṣì ń tọ́ka sí ìdí yìí lónìí ń ta oògùn tó ti gbó fún yín.

Ìròyìn kan wà tó ti ilẹ̀ wa jáde tí gbogbo ayé gbọ́, mo sì fẹ́ kí a tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì ní Òde-Ìrèlè. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn á dákú, ikú á sì tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́. Kò tíì pé ọdún kan tí Ebola kúrò ní Nàìjíríà. Oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ìbẹ̀rù ṣì wà lára gbogbo ènìyàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ ìròyìn AFP ti ilẹ̀ Faransé gbé e, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, àkọlé pé “àìsàn àràmàǹdà” ti pa ènìyàn méjìdínlógún ní ìlú kan ní Nàìjíríà ti wà lórí ìkànnì kárí ayé. Nínú ìlú, àwọn kan ní òrìṣà Malókun ló ń bínú nítorí pé wọ́n ba ojúbọ rẹ̀ jẹ́, ìyẹn náà sì wọ inú ìròyìn.

Lọ́jọ́ kejì, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn kankan, pé ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ló fà á. Ìyẹn náà kọ́ ló padà jẹ́. Nígbà tí àyẹ̀wò tẹ̀ síwájú, ó hàn pé methanol ló pa wọ́n, májèlé tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Láìpẹ́ sí i, irú ikú yìí kan náà tún mú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní ìpínlẹ̀ Rivers, oṣù kẹfà ọdún náà sì ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de pípọn àti títa ògógóró.

Ẹ wá wo ohun tí sọ́fítíwíà ìkójọ máa ń ṣe sí irú ìròyìn báyìí. Ọjọ́ Sátidé ó mú “àìsàn àràmàǹdà” wálé, ó fi àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ pamọ́. Bí ilé ìròyìn tó kọ ọ́ bá padà lọ tún un ṣe lójúùwé tirẹ̀, tó pa ọ̀rọ̀ àràmàǹdà rẹ́, àmì ìdánimọ̀ náà kò yí padà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí á sì wò ó pé àwọn ti ní èyí, wọn á kọjá lọ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà náà ni yóò máa wà lórí ìkànnì yín. Bí ilé ìròyìn bá kọ ìròyìn tuntun nípa methanol, ó lè wá, ó sì lè má wá. Ìròyìn ikú àràmàǹdà máa ń jáde ní ogún ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà, èsì àyẹ̀wò yàrá ìṣègùn kì í rí ààyè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ̀rọ òun máa ṣọ́ “mysterious disease” kò ní rí ìròyìn tí àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa methanol, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò pàdé ara wọn.

Fún ẹni tó wà ní Paris, èyí jẹ́ àṣìṣe kékeré. Fún ẹni tó wà ní Ìrèlè, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹni tó bá kà á pé òrìṣà ló ń pani, tí ìgò ògógóró kan sì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò rí ìdí kankan tí kò fi ní mu ún. Ìròyìn tó lè gba ẹ̀mí là ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ti methanol, òun sì ni ẹ̀rọ kò ṣèlérí pé òun yóò mú wá. Ìkànnì ìlú tó ní ẹnìkan tó ń ṣọ́ ọ, ì báà jẹ́ tíṣà kan ṣoṣo tó ń wò ó ní ìrọ̀lẹ́, ì bá ti yọ àkọlé ọjọ́ Sátidé kúrò lókè, kó fi ìkìlọ̀ nípa ògógóró síbẹ̀ ní èdè tí ìyá àgbà lè gbọ́. Ohun tí mo kà sí ìròyìn tuntun nìyẹn, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tilẹ̀ ju ti ìròyìn mìíràn tó wọlé ní wákàtí yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ náà wà níbẹ̀, mo máa ṣe é ní ṣókí. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ̀rọ̀ tààrà nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ni iṣẹ́ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìkànnì yín pé kí wọ́n yọ ohun tí ẹ kó wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Ìṣẹ̀lẹ̀ kò ní olówó. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn fi gbé e kalẹ̀ ló ní olówó. Punch tilẹ̀ ti ń kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un gbé jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn. Pé ilé ìròyìn kan ń gbé RSS jáde kò túmọ̀ sí pé ó ti yọ̀ǹda gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àkọlé, gbólóhùn kan tàbí méjì, orúkọ ilé ìròyìn àti líǹkì padà sọ́dọ̀ wọn, kó mọ síbẹ̀. Ní ti fọ́tò, ọ̀pọ̀ plugin, ìyẹn àfikún tí ẹ fi ń fa RSS sínú WordPress, máa ń jẹ́ kí ó máa wá tààrà láti orí ẹ̀rọ àwọn tó ni ín, dátà wọn lẹ sì ń ná nígbàkígbà tí àlejò yín bá ṣí i. Ẹ pa á.

Kódà, àkọlé àti gbólóhùn kan lè dá ìjà sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2008, GateHouse Media tó ní àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Massachusetts gbé ilé iṣẹ́ New York Times lọ sílé ẹjọ́, nítorí pé Boston.com tó jẹ́ tiwọn ń fa àkọlé àti ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn GateHouse láti fi ṣe ojúùwé fún ìlú kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti Newton. Wọ́n yanjú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009 kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Boston.com sì gbà láti má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojúùwé ìlú kékeré ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, bíi tiwa gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Newton ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ jà.

Àwọn kan ti ṣe ìkójọ lọ́nà tó wù mí. AllAfrica, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000 látinú Africa News Service tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Durham ní North Carolina lọ́dún 1973, ń gbé ìròyìn láti ilé iṣẹ́ ìròyìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Áfíríkà, àdéhùn sì wà láàárín òun àti wọn. Alágbàtà tó bá olóko ṣàdéhùn ni, olóko mọ̀ ọ́n, ó sì mọ èrè rẹ̀. Global Voices gba ọ̀nà mìíràn. Ethan Zuckerman àti Rebecca MacKinnon ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní ìparí ọdún 2004, nígbà tí RSS ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn olóòtú wọn ń fi RSS ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yan èyí tó yẹ, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn ṣàlàyé rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ ń kó o wá, ènìyàn ló ń pinnu. Wọ́n ní apá Yorùbá, wọ́n sì fún gbogbo ayé láṣẹ láti tún ìròyìn wọn gbé jáde bí a bá ti dárúkọ wọn. Fún ìkànnì ìlú tó fẹ́ èdè Yorùbá lórí rẹ̀ láìjalè, mi ò mọ ibi tó dára jù ú lọ láti bẹ̀rẹ̀. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018, ní RSS tirẹ̀ náà, àmọ́ àkọlé àti líǹkì nìkan ni kí ẹ mú níbẹ̀.

Wàyí o, ibo ni ìròyìn Ìkálẹ̀ fúnra rẹ̀ wà? Orí WhatsApp ló wà. Ìkéde ìsìnkú, ìpàdé ìlú, afárá tó já lọ́nà oko, ọjọ́ tí ijó bírípo yóò wáyé, ẹni tí wọ́n fi joyè, ariwo lórí tíránsífọ́mà, ẹgbẹ́ WhatsApp ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, fọ́tò ń tẹ̀ lé e, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti rì sábẹ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyókù wà lórí Facebook. WhatsApp kò ní RSS. Facebook kì í fúnni ní ti ojúùwé mọ́. Twitter pa tirẹ̀ rẹ́ lọ́dún 2013, ọdún kan náà tí Google ti Google Reader pa, ọjọ́ kìíní oṣù keje, lẹ́yìn tó ti wà láti ọdún 2005. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fẹ́ kí a máa gbé inú ọgbà àwọn. Ìyẹn ló fà á tí sọ́fítíwíà ìkójọ tó dára jù lọ láyé, bí ẹ bá ní kó wá ìròyìn ìlú Erínjẹ, á lọ, á bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀nà àbáyọ díẹ̀ wà. Gbogbo ìkànnì YouTube ló ṣì ní RSS, nítorí náà ẹni tó ń gbé fídíò bírípo tàbí ọdún ìlú sórí YouTube ti fún yín ní ohun tí ẹ̀rọ lè fà. Google Alerts lè fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí RSS: ẹ kọ “Okitipupa” síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìgbà tí orúkọ náà bá jáde ni ẹ ó máa rí i, ó sì dára ju kí ẹ máa fa gbogbo ìwé ìròyìn Èkó kí ẹ tó sẹ́ ẹ. The Hope tí wọ́n ń tẹ̀ ní Àkúrẹ́ sún mọ́ wa ju ti Èkó lọ. Àmọ́ bí ẹ bá kó gbogbo èyí jọ, ohun tí ẹ ó rí jù ni ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ ìjàǹbá lọ́nà Ọ̀rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágú. Ojú tí àwọn ará òde fi ń wò wá nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò ti Èkó wá kọ iye tí wọ́n ń ta púpúrù.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ kan bá bi mí, ohun tí mo máa sọ ni pé kí wọ́n gbé RSS sórí ìkànnì, kí wọ́n fi sí apá kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ “Ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa níta”, kí ó má ju àkọlé márùn-ún sí méje lọ, kí ẹnìkan sì máa fọwọ́ sí i kó tó hàn. Ọ̀pọ̀ plugin ló gba èyí láàyè. Ìròyìn á wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á kà á lórí fóònù rẹ̀, á tẹ bọ́tìnì kan. Ibi tí àwọn mìíràn kì í ti gbà pẹ̀lú mi nìyí, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń dúró de ènìyàn kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti sọ ti Òde-Ìrèlè. Mi ò rí ìdáhùn tó ju ìyẹn lọ.

Owó àti agbára tó kù, kí wọ́n ná an sórí RSS tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ìsọ̀rí tí ẹ bá dá sílẹ̀ nínú WordPress ló ní RSS tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ìsọ̀rí kan bá wà fún ọjà, ọ̀kan fún ìsìnkú àti oyè, ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ ní London lè fa ti oyè nìkan sórí ìkànnì tiwọn, oníṣòwò tó ń ra epo lè máa fi fóònù rẹ̀ wo ti ọjà nìkan, oníròyìn ní Àkúrẹ́ á sì máa rí gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wọ mọ́tò. Ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè kó ti ara wọn jọ sójú kan, ìkànnì gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ á dúró lórí ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ. Irú ojúùwé báyìí ni àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà Debian ń lò látọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n pè ní Planet: ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ nílé tirẹ̀, ojú kan ni gbogbo ayé ti ń kà á.

Àwọn tí yóò kọ ọ́ kò ṣòro láti rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà wà ní yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa, àwọn tíṣà girama wà ní gbogbo ìlú wa, akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kọ ìwé ìpàdé tẹ́lẹ̀. WordPress ní áàpù lórí fóònù, tíṣà lè kọ ìlà mẹ́fà lábẹ́ igi láìtan jẹnẹrétọ̀, kí ó fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Kí wọ́n fi ohun kan sí i lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀rọ àwọn tó ń fà á má máa bá òfo pàdé. Ìròyìn àkọ́kọ́ kò nílò kó gùn: iye tí wọ́n ta kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti púpúrù lọ́jà Òkìtìpupa tó kọjá, ọjọ́ tí ọjà náà bọ́ sí, àti orúkọ ẹni tó lọ bi wọ́n.